Jẹ́lé-ó-sinmi kò ní kí ilé máa sùn o!

Ẹ̀kọ́ tí ìyá ọlọ́jà àti bàbá oníṣẹ́-ọwọ́ lè fi eré kọ́ ọmọ kékeré

Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀ nígboro Ìlọrin, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ inú Ọjà Ọba. Báàgì ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù wọ́n lọ. Omi ti tán nínú ike wọn. Wọ́n ń bọ̀ wá bá ìyá wọn nídìí ọjà.

Ìyá ń bu ata fún oníbàárà lọ́wọ́, ó sì bi ọmọ léèrè pé, "Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?" Ọmọ na ọrùn, ó ki ABC láti orí dé ìdí bí ẹni ń ki oríkì. Inú ìyá dùn. Oníbàárà pàápàá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá yìí ṣèèṣì na ìka sí lẹ́tà kan ṣoṣo lára páálí ọṣẹ, kó ní, "Èwo lèyí?" Ọmọ á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní ebi ń pa òun.

Irú èyí pọ̀ nígboro, àfi kí á má purọ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Kì í sì ṣe pé tíṣà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu ọmọ ti mọ ohun tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá sì dúró sí ẹnu nìkan, bí omi inú apẹ̀rẹ̀ ló rí.

Ẹ wo orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́n. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún bá wà kì í sinmi. Ó da tìhín nù, ó fọ́ tọ̀hún, ó ń béèrè ohun tí baba-ńlá ẹni kò lè dáhùn. Bó bá ti lọ sílé-ìwé, ilé á rójú. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ti kúrò ní sísinmi, wọ́n ti sùn fọnfọn. Bàbá ní òun ti sanwó. Ìyá ní tíṣà ló ni ẹ̀kọ́. Èyí tó tún dunni jù ni ti àwọn ìyá tó máa ń sọ pé, "Èmi tí n ò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ?"

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ gan-an kò fi ìwé bẹ̀rẹ̀.

ÌWÉ KỌ́ NI WỌ́N FI BẸ̀RẸ̀

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Froebel ló dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ nílùú Bad Blankenburg lọ́dún 1837. Lọ́dún 1840 ló wá fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí "ọgbà àwọn ọmọdé". Kí lẹ rò pé ó kó fún àwọn ọmọ náà? Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú ṣe ni, àti igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin. Wọ́n ń hun bébà, wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n ń gbin nǹkan sínú ọgbà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1907, dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Àdúgbò mẹ̀kúnnù ni. Láti àárọ̀ làwọn òbí ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ wọn ń ṣẹ́ kù sílé láìsí alábòójútó, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Montessori ní kí àwọn ọmọ náà máa da omi láti inú ife kan sí òmíràn, kí wọ́n máa de bọ́tìnnì, kí wọ́n máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa to nǹkan láti èyí tó kéré dé èyí tó tóbi. Ó gé lẹ́tà lára sánpépà, irú èyí tí káfíńtà fi ń ha igi, ó ní kí ọmọ máa fi ìka tọ ojú rẹ̀ kó tó di pé ó mú gègé.

Omi, ìgbálẹ̀, bọ́tìnnì, òwú, amọ̀. Èwo ni kò sí lágbàlá yín nínú wọn?

ÌLỌRIN TI MỌ̀ Ọ́N TIPẸ́

Bí ẹ bá dé Dada, ní Òkelele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, ẹ ò ní rí ẹ̀rọ kankan tó ń yí. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń gba iṣẹ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó ń gbé àmù ńlá lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Amọ̀ díẹ̀ lọmọ fi ń ṣeré, kó tó di pé eré di iṣẹ́.

Bákan náà ni ti àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ẹni tí kò bá lè ka òwú, kò lè fi ọnà sára aṣọ. Ìṣirò ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wàláà ilé-kéwú: ọmọ á kọ ọ́, á kà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, á tún kọ òmíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú wàláà yẹn fún gbogbo òbí. Àṣìṣe ọmọdé, nǹkan tó ṣeé fọ̀ ni. Kò yẹ kí á tìtorí ẹ̀ gbé pàṣán.

Ó wá yẹ kí á sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe gan-an, láìná owó tàbí kí á kàn ná táṣẹ́rẹ́.

1. AMỌ̀

Ẹ wá amọ̀ tó mọ́, kì í ṣe ẹrẹ̀ ojú gọ́tà. Ẹ ṣa òkúta àti ìgò inú rẹ̀ kúrò, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Bí amọ̀ bá ṣòro rí, ẹ fi omi, iyọ̀ díẹ̀ àti òróró díẹ̀ po ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń din pọfúpọfú. Òun náà á ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ yí i gùn bí ejò. Ẹ ní kó yí èyí tó gùn jù, kó yí èyí tó kúrú jù. Ejò amọ̀ yìí náà lẹ máa fi kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá ká a pọ̀, ó di O. Bí ẹ bá nà án ró gbọnrangandan, ó di I. Bí ó bá lọ́ bí ejò tó ń rìn lóòótọ́, S nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ mọ ohun tó bá wù ú: ìkòkò, ewúrẹ́, ọ̀kadà. Ìka tó ń tẹ amọ̀ ló ń lágbára láti di pẹ́ńsù mú lọ́la.

Bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá jọ aláǹgbá, ẹ má rẹ́rìn-ín ẹ̀ o, ẹ má sì bá a tún un ṣe. Ẹ kàn ní, "Sọ bó o ṣe ṣe é fún mi." Bó bá ti ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ sísọ ló ń kọ́ yẹn.

2. ÒǸKÀ NÍDÌÍ ỌJÀ

Ta ló mọ òǹkà tó ìyá aláta? Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa to tòmátì ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ mú ẹyọ kan kúrò, kẹ́ ẹ bi í pé mélòó ló kù. Ẹ ní kó ya èyí tó pọ́n sọ́tọ̀, kó ya èyí tí kò tíì pọ́n sọ́tọ̀. Kí iṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti ṣe àròpọ̀, ó ti ṣe àyọkúrò, ó sì ti ya nǹkan sí ìsọ̀rí.

Bí ọmọ bá ti mọ ení dé ẹẹ́wàá dáadáa, òǹkà Yorùbá ní àdììtú kan tó dùn. Ẹ to òkúta 10 sílẹ̀, ẹ fi 1 lé e: mọ́kànlá, ọ̀kan ló lé lórí ẹẹ́wàá. Ẹ fi òmíràn lé e, ó di méjìlá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dé 16, ẹ to òkúta 20, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú 4 kúrò níbẹ̀. Kí ló kù? Mẹ́rìndínlógún! Mẹ́rin ló dín nínú ogún. Àwọn baba wa ti fi àròpọ̀ àti àyọkúrò sínú orúkọ nọ́ńbà. Ọmọ tó bá fi òkúta rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Ayò náà ńkọ́? Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n nílé, ẹ gé kéréètì ẹyin kó ku ihò 12, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì lè ta ayò bí àgbà, ṣùgbọ́n ó lè pín in ní mẹ́rin mẹ́rin, ó sì lè máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yípo. Ìyẹn náà tó fún un.

3. AGOLO ÀTI KÓŃGÒ

Ẹ kó gààrí tàbí yanrìn gbígbẹ sílẹ̀, ẹ fún ọmọ ní agolo mílíìkì àti kóńgò. Ẹ bi í pé agolo mélòó ni yóò kún kóńgò? Kó kọ́kọ́ fojú díwọ̀n, kó tó wá wọ̀n ọ́n. Inú rẹ̀ á dùn bó bá bá a mu, bí kò bá sì bá a mu, á tún ṣe é.

Ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Switzerland, Jean Piaget, tó gbé ayé láti 1896 dé 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ẹ dán ọ̀kan nínú ohun tó rí wò nílé. Ẹ bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ. Lójú ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ da omi yẹn kan náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, kẹ́ ẹ wá bi í bóyá omi ṣì jẹ́ iye kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní omi inú ìgò ló pọ̀ jù, nítorí pé ó ga. Ẹ má ṣe pè é ní olódo. Bí ọpọlọ ọmọ ọjọ́ orí yẹn ṣe ń rí i nìyẹn, bó bá sì tó bí ọmọ ọdún méje, á yé e. Dídà á síwá dà á sẹ́yìn ló ń la ojú rẹ̀.

Àbí kí lẹ fẹ́ ká sọ, nígbà tó jẹ́ pé ojú àgbàlagbà pàápàá ṣì ń tàn án jẹ? Ṣebí ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọlé!

4. ÀJÁKÙ AṢỌ

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ má kó àjákù aṣọ dà sórí ààtàn mọ́. Kí ọmọ máa ṣà á: pupa síhìn-ín, funfun sọ́hùn-ún, èyí tó ní òdòdó lára lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Kó fọwọ́ kan léèsì, kó fọwọ́ kan àǹkárá, kó sọ èyí tó ń ho àti èyí tó ń dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí ní onígun mẹ́rin. Ẹ fi àlùmọ́gàjí la ojú rẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má là á já dé etí. Ọwọ́ àgbà ni kó ṣe èyí o. Kí ọmọ wá máa fi àjákù gígùn hun ún: gba òkè, gba abẹ́, gba òkè, gba abẹ́. Bó bá ṣe aṣọ kan tán, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń hun òfì, ó sì ti fi sùúrù kún ọgbọ́n. Ọmọkùnrin ni o, ọmọbìnrin ni o, kò sí ti ẹnì kan níbẹ̀.

5. LẸ́TÀ NÍNÚ YANRÌN

Ẹ da yanrìn fínnífínní sínú tíréè tí ẹ fi ń gbé àkàrà tà. Ẹ fi ìka kọ lẹ́tà kan, kí ọmọ tọ ojú rẹ̀, kó pè é, kó sì gbọn tíréè. Ó ti parẹ́! Kó wá kọ tirẹ̀. Bíi wàláà náà ló rí.

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ náà ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, torí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọmọdé tó orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, kò sì sí C níbẹ̀. A B D là ń kà. Ìyá tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó pe ọmọ rẹ̀ tó ti wà ní pírámárì kó wá ṣe tíṣà, kí òun àti àbúrò jọ jókòó kọ́ ọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìyá rẹ̀ tó ń fi ìka kọ lẹ́tà nínú yanrìn á mọ̀ pé ìwé níyì.

6. PÁKÓ, NỌ́Ọ̀TÌ ÀTI PÒRÒPÓRÒ

Àwọn bàbá náà kò gbọdọ̀ sá. Káfíńtà, pákó tẹ́ ẹ gé kù, ẹ fi sánpépà ha ìtì rẹ̀ dànù, ẹ kó o fún ọmọ kó fi kọ́lé. Ohun tí Froebel fi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mẹkáníìkì, ẹ fọ ọ́ìlì kúrò lára nọ́ọ̀tì àti bóòtù ńláńlá bíi mẹ́fà, kí ọmọ wá èyí tó bá èyí mu. Ní ìgbà ìkórè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe mọ́tò, bẹ́ ẹ ti ń ṣe é nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé. Àgbà ni kó bó èèpo rẹ̀, nítorí ó mú bí abẹ.

Àlẹ́ ló wá ku ti àlọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá rántí ti àtijọ́. Ẹ fi ohun inú ilé dá tiyín: "Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kì í rìn, ó ní ẹ̀yìn, kì í pọnmọ. Kí ni o?" Bí ọmọ bá ti wo àga tó rẹ́rìn-ín, ó ti gbà á nìyẹn. Kí òun náà dá tirẹ̀ fún yín.

ÈDÈ WO NI KÁ FI KỌ́ WỌN?

Àwọn kan á ní, "Bí a bá ń fi Yorùbá kọ́ ọ nílé, ṣé kò ní ba gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ jẹ́?" Wọ́n ti dán èyí wò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù, gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì kẹ́yìn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 1977 náà fi èdè ìyá ṣáájú fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìlọrin kì í ṣe ìlú èdè kan. Ilé tí wọ́n bá ti ń sọ Haúsá, Fúlàní tàbí Tápà, kí wọ́n fi ìyẹn kọ́ ọmọ. Èdè tí ọmọ fi ń sunkún ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ẹ ṢỌ́RA O!

Eré kò gbọdọ̀ di ẹkún. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fún un ní ọmọ ayò, òkúta wẹ́wẹ́, bọ́tìnnì, ìdérí ìgò tàbí ẹ̀pà. Ohunkóhun tó bá lè wọ ẹnu ọmọ lè há a lọ́fun. Bí ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bá kó sí i nímú tàbí létí, ẹ má fi ìgbálẹ̀ wá a jáde, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Láyé ìjọ́sí, àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fọ́ òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì láti fi dúdú inú rẹ̀ kun pátákó ìkọ̀wé. Májèlé wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ́dú ni kẹ́ ẹ lò. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, èyí tó ń wà nínú aago àti ohun ìṣeré, ló burú jù. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ má dúró wo bóyá á ṣu ú, kíá ni kẹ́ ẹ sáré lọ sí ọsibítù.

ÀKÓKÒ DÀ?

A mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún, tó tajà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ ti tó. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ kan: òní amọ̀, ọ̀la òǹkà, ọ̀túnla yanrìn. Ẹ ṣe é nígbà tí ọjà bá dá, tàbí bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Bó bá sú ọmọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò. Ohun tó bá ṣe, ẹ gbé e sí ojú kan nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí oníbàárà ti máa rí i.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó ju ABC lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kàwé tán tó ń tijú iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an níwèé. Kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ata ni ìyá òun ń tà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ pé ata ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ òǹkà, tó jẹ́ pé pákó bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ilé àkọ́kọ́, ìyẹn kò ní lè fi ìwé tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ tó tọ́ ọ.

Ìtàn sọ fún wa pé ara òkúta tí àwọn èèyàn ti ń lọ irin ni ìlú wa ti gba orúkọ: ìlọ-irin. Òkúta yẹn kò mọ̀wé, kò gba sátífíkéètì. Síbẹ̀ òun ló ń sọ irin di mímú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ̀yin ni òkúta náà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dé ọjà lónìí, tó na ọrùn láti ki ABC, ẹ jẹ́ kó kì í tán, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ata márùn-ún lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ní, "Ó yá, kà á fún mi."